Agbo Ìkookò Orí Òkun: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Ọkọ̀ Abẹ́ Omi Jámánì

Ọkọ̀ abẹ́ omi ni wọ́n pè é. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ojú omi ló ti ń jà?

Nígbà Ogun Hitler, ọkọ̀ ogun tó lè wà lábẹ́ omi títí kò tíì sí. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì ló ń wa U-boat, ìyẹn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí afẹ́fẹ́. Bó bá ti rì wọ abẹ́ omi, bátìrì nìkan ló kù tí yóò máa lò. Irú VII, èyí tí Jámánì ń lò jù, máa ń sáré ju kìlómítà 30 lọ ní wákàtí kan lójú omi. Lábẹ́ omi, eré rẹ̀ kì í tó kìlómítà 15, bó bá sì sá gbogbo eré yẹn fún nǹkan bíi wákàtí kan, bátìrì á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń wọ́ lọ jẹ́jẹ́ lè fi í sílẹ̀ sẹ́yìn. Nítorí náà, abẹ́ omi ni wọ́n ń sá pamọ́ sí, ojú omi ni wọ́n ti ń ṣọdẹ.

Ohun kejì tún wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ asdic tí àwọn ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ Gẹ̀ẹ́sì gbójú lé máa ń rán ìró gba inú omi, á sì máa tẹ́tí sí gbohùngbohùn tó bá padà. Ohun tó rì sínú omi ló mọ̀ ọ́n wá. Èyí tó léfòó lóru, tí kò yọ jù díẹ̀ lọ lókè ìgbì, kì í sábà rí i.

Òkun Àtìláńtíìkì fẹ̀ lọ salalu. Báwo ni àwọn U-boat ṣe ń rí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, tí wọ́n sì ń kó ara wọn jọ?

Karl Dönitz, ọ̀gá àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì, ló ṣètò rẹ̀. Lẹ́yìn tí Faransé ṣubú ní oṣù kẹfà ọdún 1940, ó kó ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ sí ẹ̀bá Lorient, létí Àtìláńtíìkì gan-an. Ó máa ń to ọkọ̀ rẹ̀ ní ìlà gígùn dábùú ọ̀nà tó rò pé àwọn akẹ́rù á gbà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí wọn kò gbọdọ̀ dá jà. Á máa tẹ̀ lé èéfín wọn lókèèrè, á máa fi rédíò ránṣẹ́ sọ ibi tí wọ́n dé àti ibi tí wọ́n dorí kọ. Láti orí ilẹ̀, Dönitz á pe àwọn tó kù. Bí wọ́n bá pé, tí ilẹ̀ sì ṣú, wọ́n á ya bo wọ́n. Ìyẹn ni ayé fi ń pè wọ́n ní agbo ìkookò.

Báwo ni irú òru bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí?

Ẹ jẹ́ ká wo SC 7, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀wọ́ ọkọ̀ akẹ́rù tó máa ń rìn pa pọ̀ pẹ̀lú ẹ̀ṣọ́. Ọkọ̀ akẹ́rù 35 ló gbéra ní Sydney, Nova Scotia, ní Kánádà, ní ọjọ́ 5 oṣù kẹwàá ọdún 1940. Wọ́n kó igi, irin àti òkúta irin, wọ́n ń lọ sí Ìlú Ọba. Ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo, Scarborough, ló kọ́kọ́ tẹ̀ lé wọn la agbedeméjì òkun kọjá. Nígbà tí U-48 rí wọn tó sì kọlù wọ́n, Scarborough lé e lọ jìnnà débi pé kò bá ọ̀wọ́ ọkọ̀ náà mọ́. Àwọn ẹ̀ṣọ́ mìíràn ti wá, ṣùgbọ́n wọn kò tíì bára wọn ṣiṣẹ́ rí.

Ní òru ọjọ́ 18 mọ́jú ọjọ́ 19, U-boat márùn-ún ya wọ̀ wọ́n. Otto Kretschmer, ọ̀gá U-99, wọ àárín àwọn ìlà ọkọ̀ náà lójú omi, ó sì ń yin tọpídò, àdó olóró tó ń sáré nínú omi, láti àárín wọn. Èyí tó ru òkúta irin kì í pẹ́ rárá kó tó rì; èyí tó ru igi ṣì lè léfòó fúngbà díẹ̀. 20 nínú 35 ló ṣòfò. Ní òru kejì, ọkọ̀ 12 lọ nínú ọ̀wọ́ HX 79. Kò sí U-boat kan tó rì nínú ìjà méjèèjì. Ó máa ń dùn mí bí àwọn èèyàn bá ń ka èyí bí ìtàn akọni, torí atukọ̀ tí kò gbé ìbọn ló kún inú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn.

Ṣé kò ní í sàn kí àwọn akẹ́rù fọ́n ká, kí oníkálukú gba ọ̀nà tirẹ̀?

Rárá o. Ọkọ̀ 40 tó fọ́n ká jẹ́ àǹfààní 40 fún ọ̀tá láti rí nǹkan. Bí wọ́n bá wà pa pọ̀, rírí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ rọrùn ju rírí ẹyọ kan lọ. Patrick Blackett, onímọ̀ físíìsì, pẹ̀lú àwọn tó ń bá a ṣírò fún ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, tún fi hàn pé ọ̀wọ́ ńlá sàn ju kékeré. Bí iye ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, ààlà tó yí wọn ká, èyí tí ẹ̀ṣọ́ ń ṣọ́, kì í di ìlọ́po méjì. Ní ọdún 1944, ọ̀wọ́ HX 300 kó ọkọ̀ tó lé ní 160, ó sì dé láìpàdánù ọ̀kankan.

Kí ló wá ṣẹ́gun agbo náà?

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bára wọn sọ ló kọ́kọ́ tú wọn fó. Láìsí rédíò, agbo kò lè jọ. Bẹ́ẹ̀ ni rédíò ń sọ ibi tí wọ́n wà. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Huff-Duff jẹ́ kí ọkọ̀ ẹ̀ṣọ́ mọ apá ibi tí ìró rédíò ti wá, bó tilẹ̀ kúrú. Àwọn ará Bletchley Park, ibi tí Gẹ̀ẹ́sì ti ń tú ọ̀rọ̀ àṣírí ọ̀tá, sì ń tú àṣírí Enigma, ẹ̀rọ tí Jámánì fi ń sọ ọ̀rọ̀ rédíò di àṣírí, àfi láti oṣù kejì ọdún 1942 tí Jámánì mú kí ẹ̀rọ náà túbọ̀ díjú, tí wọn kò sì rí i tú mọ́ fún oṣù mẹ́wàá. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹwàá ọdún náà, Tony Fasson àti Colin Grazier, ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, wọ inú U-559 tó ń rì ní Òkun Mẹditaréníà, wọ́n ń na àwọn ìwé àṣírí síta. Ọkọ̀ náà rì mọ́ wọn lórí. Àwọn ìwé náà dé ilẹ̀, wọ́n sì wúlò.

Rédà tuntun àti ọkọ̀ òfuurufú Liberator tó lè dé agbedeméjì òkun parí iṣẹ́ náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1943, nǹkan bí 40 U-boat ṣì rì ọkọ̀ 22 nínú HX 229 àti SC 122. Ní oṣù karùn-ún, U-boat 41 ló ṣòfò. Peter, ọmọ Dönitz, kú nínú U-954. Ní ọjọ́ 24, bàbá rẹ̀ kó àwọn U-boat kúrò ní àríwá Àtìláńtíìkì.

Ǹjẹ́ ó kan apá ọ̀dọ̀ wa?

Ó kàn wá gidigidi. Nígbà tí Japan gba Màláyà ní ọdún 1942, Ìlú Ọba yíjú sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà fún èpo pupa àti ekuro. Freetown, ní Sierra Leone, ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ti ń kóra jọ lọ sí Ìlú Ọba. Ọ̀wọ́ SL 125 kúrò níbẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 1942 pẹ̀lú ọkọ̀ 37. Agbo ìkookò rì 12 nínú wọn, ẹni tó lé ní 400 sì kú. Bí àwọn U-boat ti dojú kọ wọ́n, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà tó ń lọ gbógun ti Àríwá Áfíríkà ráyè kọjá. Ní àwọn ọjọ́ kan náà ni U-575 rì Abosso, ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òkun Elder Dempster tí wọ́n kọ́ fún ọ̀nà Liverpool sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà. Ó yára, nítorí náà òun nìkan ló ń dá lọ, láìsí ọ̀wọ́, láìsí ẹ̀ṣọ́. Ẹni 362 ló bá a lọ.