Kí ló dé tí Bank of England kò fi ní fèrèsé? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ìbéèrè: Ojoojúmọ́ ni mò ń gba ẹ̀gbẹ́ Bank of England kọjá ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí ló dé tí ògiri ńlá yẹn kò ní fèrèsé kankan síta?

Ìbẹ̀rù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1780, inú bí ọ̀pọ̀ èrò nítorí pé ìjọba tú díẹ̀ lára òfin tó ń de àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sun ilé káàkiri. Gordon Riots ni wọ́n ń pe rògbòdìyàn náà. Wọ́n sun ọgbà ẹ̀wọ̀n Newgate, wọ́n sì kọrí sí báńkì, kí wọ́n tó lé wọn padà. Láti ọdún náà ni àwọn sójà ti ń sùn sínú báńkì lálaalẹ́ láti ṣọ́ ọ. Ọdún 1973 ni wọ́n tó ṣíwọ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan, St Christopher-le-Stocks, fẹ̀gbẹ́ ti báńkì nígbà náà. Àwọn aláṣẹ rò ó pé bí jàǹdùkú bá gun ilé aago rẹ̀, orí báńkì ni wọn yóò máa yìnbọn sí. Báńkì gba ilẹ̀ náà, wọ́n wó ṣọ́ọ̀ṣì palẹ̀, itẹ́ òkú rẹ̀ sì di ọgbà òdòdó láàárín báńkì.

Ìbéèrè: Ta ló mọ ògiri náà?

John Soane ni, ọmọ bíríkìlà. Báńkì fúnra rẹ̀ ti wà láti ọdún 1694, tí wọ́n dá a sílẹ̀ láti yá ọba lówó ogun, ó sì kó dé òpópónà Threadneedle lọ́dún 1734. Ọdún 1788 ni Soane gba iṣẹ́ ayàwòrán-ilé níbẹ̀, kò sì fi í sílẹ̀ títí di 1833. Bí ẹ bá wo ògiri yẹn dáadáa, ẹ ó rí ibi tó jọ ẹnu ọ̀nà tàbí ojú fèrèsé. Ẹ sún mọ́ ọn: òkúta gbọingbọin ni.

Ìbéèrè: Báwo wá ni àwọn òṣìṣẹ́ inú rẹ̀ ṣe ń ríran ṣiṣẹ́?

Òkè ni Soane gba mú ìmọ́lẹ̀ wọlé. Ó dá ihò sórí òrùlé, ó fi gíláàsì yí i ká, ìmọ́lẹ̀ á sì rọra bọ́ sórí tábìlì àwọn akọ̀wé. Àwọn ìkòkò amọ̀ tí inú wọn ṣófo ló fi mọ àjà náà: wọn ò wúwo, iná ò sì lè jó wọn. Lójú tèmi, ọgbọ́n yìí ju gbogbo òpó òkúta tó wà níta lọ.

Ìbéèrè: Ṣé ilé Soane náà la ṣì ń wò?

Rárá o! Ògiri nìkan ló ṣẹ́ kù. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, gbèsè ìjọba tí báńkì ń bójú tó pọ̀ sí i, òṣìṣẹ́ báńkì náà pọ̀ sí i, àyè ò gbà wọ́n mọ́. Láàárín ọdún 1925 sí 1939, Herbert Baker, ẹni tó yàwòrán Union Buildings ní Pretoria, wó èyí tó pọ̀ jù nínú yàrá Soane. Ó kọ́ ilé alájà méje sáàárín ògiri àtijọ́, ó sì gbẹ́ àjà mẹ́ta sílẹ̀. Títí dòní làwọn onímọ̀ ilé kíkọ́ ń bínú sí i. Òótọ́ ni pé àyè ò sí, ṣùgbọ́n wọ́n ì bá dá yàrá mélòó kan sí.

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni wúrà wà lábẹ́ rẹ̀?

Ó wà, ó sì pọ̀: nǹkan bí 400,000 ọ̀pá wúrà, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó kílò 12 àbọ̀. Èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe ti báńkì. Ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti orílẹ̀-èdè mìíràn ni. Wọn kì í tò ó ga, torí ilẹ̀ amọ̀ ni Lọ́ńdọ̀nù, ó lè rì.

Báńkì náà máa ń sọ ìtàn ọkùnrin kan tó ń tún gọ́tà abẹ́ ilẹ̀ ṣe lọ́dún 1836. Ó kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá pé òun lè wọ yàrá wúrà wọn nígbàkígbà, kí wọ́n dá aago tí wọ́n á pàdé òun níbẹ̀. Wọ́n lọ dúró. Nígbà tó yá, pákó ilẹ̀ yẹ̀, orí rẹ̀ yọ. Wọ́n ka wúrà, kò dín. Wọ́n fún un ní £800.

Ìbéèrè: Ṣé èèyàn lè wọlé lọ wò ó?

Yàrá wúrà kọ́ o. Ẹ gba Bartholomew Lane lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé báńkì náà lọ́jọ́ iṣẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ti tún ọ̀kan nínú yàrá Soane kọ́ síbẹ̀, ọ̀pá wúrà kan sì wà tí ẹ lè fọwọ́ gbé wò.