Bí omi ṣe ń ti inú táńkì dé ẹnu pọ́ǹpù

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé pọ́ǹpù ló ń fa omi jáde nínú táńkì. Ohun tó ń ṣe gan-an ni pé ó ń gbá omi ẹnu rẹ̀ lọ, àyè á sì yọ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó tẹ omi inú táńkì mọ́lẹ̀ ló wá ń ti omi gba inú páìpù wá síbẹ̀. Àmọ́ agbára afẹ́fẹ́ yìí níbi tó mọ. Torricelli, ọ̀mọ̀wé ará Ítálì, ti ṣàlàyé rẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 1644: ní etí òkun, afẹ́fẹ́ ò lè ti omi ga ju bíi mítà 10 lọ, bó ti wù kí pọ́ǹpù lágbára tó.

Inú mítà 10 yìí ni gbogbo nǹkan ti ń jẹ. Bí pọ́ǹpù bá ga ju ojú omi lọ, gíga yẹn á mú tirẹ̀. Páìpù tóóró, páìpù gígùn, kọ́nà, fáàfù, kálukú ló ń bù níbẹ̀. Omi tó bá gbóná dé 80°C ti gba nǹkan bí ìdajì, torí oru tó fẹ́ jáde lára rẹ̀. Bẹntiróòlù yá di oru ju omi lọ, ìyẹn wà lára ohun tó mú kí ọ̀pọ̀ ilé epo ri pọ́ǹpù sínú táńkì abẹ́ ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Bí èyí tó kù ò bá tó, omi á hó lẹ́nu pọ́ǹpù láìgbóná. Bí abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ bá gbá ìfófòó náà dé ibi tí omi ti fún pọ̀, á fọ́ lójijì, á sì máa gbẹ́ irin jẹ díẹ̀díẹ̀. Ariwo rẹ̀ dà bí ìgbà tí òkúta wẹ́wẹ́ ń yí kiri nínú ẹ̀rọ. Kéèyàn pààrọ̀ abẹ̀bẹ̀ láìtún páìpù tò, owó ló fi ṣòfò.

Nítorí náà, pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ sún mọ́ táńkì, kó sì wà nísàlẹ̀ ojú omi bó bá ṣeé ṣe. Páìpù tó ń wọlé máa ń tóbi ju ẹnu pọ́ǹpù lọ. Rẹdúsà (páìpù kékeré tó fẹ̀ lápá kan, tó tóóró lápá kejì) tó so wọ́n pọ̀ lórí ìdúbúlẹ̀ ni kí òkè rẹ̀ tẹ́jú, kí afẹ́fẹ́ má bàa sá pamọ́ síbẹ̀. Kọ́nà kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu pọ́ǹpù gbọ̀n-ọ́n. Fáàfù tó wà lápá ìwọlé, ṣíṣí pátápátá ni; apá ìjáde ni wọ́n ti ń dín omi kù.

Nínú táńkì, ẹnu páìpù máa ń ga díẹ̀ kúrò nílẹ̀ nítorí ìdọ̀tí. Bí omi bá lọ sílẹ̀ jù, á máa yí po lórí ẹnu páìpù, á sì fa afẹ́fẹ́ wọlé. Irin pẹlẹbẹ tí wọ́n fi dábùú ibẹ̀ ló ń dá yíyí náà dúró.

Jíjò tún wà níbẹ̀. Bí páìpù ìjáde bá jò, ilẹ̀ á tutù. Níbi tí pọ́ǹpù bá ga ju omi lọ, páìpù ìwọlé kì í kán sílẹ̀ tó bá lu: afẹ́fẹ́ ló ń gbà wọlé, pọ́ǹpù á sì máa yí lásán. Ọṣẹ tí wọ́n pò títí tó fi hó ni kí wọ́n fi pa ojú ìsopọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ibi tó bá ti ń mu ìfófòó náà ló lu.