«Ní Kogi», Kogi wo? Bí wọ́n ṣe ń mọ ibi tí ọkọ̀ ojú irin ti ní ìjàǹbá

Ní oṣù Kínní ọdún 2023, ọ̀ràn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ṣẹlẹ̀ lójú irin Itakpe sí Warri. Ní ọjọ́ keje oṣù náà, àwọn agbébọn ya wọ ibùdókọ̀ Tom Ikimi ní Igueben, ìpínlẹ̀ Edo, wọ́n kó èrò tó ń dúró de ọkọ̀ wọ igbó lọ. Kí oṣù tó parí, ọkọ̀ ojú irin kan yẹ̀ lórí irin nínú igbó Kogi. Ojú irin kan náà ni, oṣù kan náà ni, ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ méjì ni. Ẹni tó bá gbọ́ ìròyìn méjèèjì lábọ̀ọ̀bọ̀ á so wọ́n pọ̀: «Wọ́n ti jí èrò ọkọ̀ ojú irin gbé ní Kogi.» Bí gbólóhùn yẹn bá dé Kábà tàbí Ìsánlú, òbí tí ọmọ rẹ̀ wà lẹ́nu ìrìn àjò kò ní lè jókòó.

Bẹ́ẹ̀ kò sí ojú irin kankan tó la ilẹ̀ àwọn Òkun, ìyẹn àwọn Yorùbá Kogi tó ni Kábà àti Ìsánlú, kọjá. Itakpe àti Ajaokuta wà ní àárín gbùngbùn Kogi, lọ́dọ̀ àwọn Ebira. Ojú irin àtijọ́ tó ti Èkó lọ sí Kano, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Jẹ́bà ló gbà. Ará Yàgbà tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ á kọ́kọ́ wọ mọ́tò dé Ìlọrin. Orúkọ náà gan-an ló ń dá ìpayà sílẹ̀. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991 ń jẹ́ Kogi. Ìjọba ìbílẹ̀ kan nínú rẹ̀ náà ń jẹ́ Kogi, Koton-Karfe ni olú ìlú rẹ̀. Èyí tó tún wá lọ́ ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ni pé tí ìbò sẹ́nétọ̀ bá dé, ìwọ̀ oòrùn Kogi, pẹ̀lú àwọn Òkun, ni wọ́n ka ìjọba ìbílẹ̀ yẹn mọ́. Ẹni tó bá sọ pé «ní Kogi» kò tíì sọ ibi kankan.

Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ti mọ irú èyí tipẹ́, wọn kì í gbára lé orúkọ ìlú. Ṣe ni wọ́n ń wọn ojú irin láti ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, bí ìgbà tí télọ̀ bá na tépù lé aṣọ. Wọ́n á ri òpó kéékèèké sí ẹ̀bá irin, wọ́n á kọ iye kìlómítà sí i lára. Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń béèrè ni ojú irin tó jẹ́, ibùdókọ̀ méjì tí ibẹ̀ wà láàárín wọn, àti òpó kìlómítà tó sún mọ́ ọn jù. Níbi tí irin bá ti jẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bíi ti Èkó sí Ìbàdàn, wọ́n gbọ́dọ̀ sọ èwo nínú méjèèjì ni, torí ọkọ̀ mìíràn lè máa bọ̀ lórí èkejì. Orúkọ lè ní ìbejì. Kìlómítà kan lójú irin kan, ibì kan ṣoṣo ni.

Orúkọ ibùdókọ̀ pàápàá lè máà ranni lọ́wọ́. Ti Abẹ́òkúta ń jẹ́ Wọlé Ṣóyínká, ti Mọníyà n'Ìbàdàn ń jẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ti Agbor ń jẹ́ Goodluck Jonathan. Iyì ni fún ẹni tí wọ́n fi sọ ọ́, kò burú. Àmọ́ àgbẹ̀ tó gbọ́ ariwo irin lóru kò ní sọ pé «lẹ́bàá Tom Ikimi». Orúkọ abúlé rẹ̀ ni yóò dá, ẹni tó sì gbé fóònù lè má rí orúkọ náà nínú ìwé rélùwéè rárá.

Ibi tí kíka orúkọ ti di ọ̀rọ̀ ikú òun ìyè ni ojú irin kan ṣoṣo tí ọkọ̀ ń gbà lọ tí wọ́n tún ń gbà bọ̀. Kí ọkọ̀ méjì má baà pàdé, láyé ìjọhun, wọ́n máa ń fún dírẹ́bà ní àmì kan, irin pẹlẹbẹ tó rí roboto, tí wọ́n kọ orúkọ ibùdókọ̀ méjì sí lára. Ẹni tí àmì náà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìkan ló láṣẹ láti wọ àárín ibùdókọ̀ méjèèjì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń kó o sí kò ní tu òmíràn jáde àfi tí wọ́n bá dá èyí padà. Ní Abermule, lórílẹ̀-èdè Wales, ní ọjọ́ 26 oṣù Kínní 1921, ọkọ̀ kan ti Montgomery dé, wọ́n sì gba àmì «Montgomery sí Abermule» lọ́wọ́ àwọn tó ń wà á. Àmì náà ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀. Ẹnì kan rò pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ó sì gbé e padà fún ọkọ̀ tó mú un wá. «Abermule sí Newtown» ló yẹ kó jẹ́. Àwọn tó wà nínú ẹ́ńjìnnì gbà á, wọn kò ka ohun tó wà lára rẹ̀, wọ́n gbéra. Ọkọ̀ ayára ń bọ̀ níwájú lórí irin kan náà. Èèyàn 17 ló kú. Ẹ̀rọ kò ṣìṣe, orúkọ sì hàn kedere lára irin. Ojú ẹnikẹ́ni ni kò bà á.

Ní Nàìjíríà, àjọ ìjọba kan tó ń jẹ́ NSIB ló ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí wọ́n ń jẹ́ AIB, ti bàálù nìkan ni iṣẹ́ wọn. Òfin ọdún 2022 ló fi ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi kún un. Wọn kì í ṣe ọlọ́pàá. Ohun tó fa ìjàǹbá ni wọ́n ń wá, kí irú rẹ̀ má baà tún wáyé, wọn kì í wá ẹni tí wọ́n máa jù sẹ́wọ̀n. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin gbá bọ́ọ̀sì tó kó òṣìṣẹ́ ìjọba l'Ékòó, ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta 2023, àwọn kan ní Ìkẹjà ni, àwọn kan ní PWD, àwọn kan ní Ṣógunlẹ̀. Orúkọ mẹ́ta fún ibì kan ṣoṣo tí títì ti dábùú irin.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò rò ni pé ibi tí ọkọ̀ dùbúlẹ̀ sí lè jìnnà sí ibi tí ìjàǹbá ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ tó yẹ̀ lè wọ́ ara rẹ̀ lọ díẹ̀ kó tó dúró. Olùṣèwádìí á kọ ẹ̀yìn sí àwókù náà, á máa rìn lọ sí apá ibi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀, ojú rẹ̀ á wà nílẹ̀ bíi ti ọdẹ tó ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Ẹsẹ̀ irin ọkọ̀ ní ètí kan tó ń dì í mú kó má baà já kúrò lórí irin. Bí ètí yẹn bá gun orí irin, á fi ilà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ilà náà ni àpá á bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára àwọn kọnkéré tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ irin. Ibi tí ilà náà ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń wá. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti wọn àlàfo tó wà láàárín irin méjèèjì: mìlímítà 1,435 ló yẹ kó jẹ́ lójú irin bíi ti Itakpe, 1,067 lójú irin àtijọ́. Wọ́n á wò ó bóyá irin kán, bóyá oríta irin kò pa dé dáadáa, bóyá àwọn ìdè tó so irin mọ́ kọnkéré ti di àwátì, torí àwọn olè máa ń tú u tà. Ẹ̀rọ tó ń gba àkọsílẹ̀ nínú ẹ́ńjìnnì á sọ eré tí ọkọ̀ ń sá àti ìgbà tí dírẹ́bà tẹ bíréèkì.

Wọ́n tún ń fọ̀rọ̀ wá àwọn tó rí i lẹ́nu wò, ibẹ̀ sì ni orúkọ tún ti ń dá wàhálà sílẹ̀. Odò kan lè ní orúkọ lẹ́nu onílẹ̀, kí àtìpó tó ń dáko létí rẹ̀ máa pè é ní òmíràn. Iyàn kò wúlò níbẹ̀. Kí ẹlẹ́rìí mú olùṣèwádìí dé ibi tó dúró sí, kí wọ́n fi ẹ̀rọ gba ibẹ̀ sílẹ̀ ní nọ́ńbà, ó parí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí ìwọ̀ oòrùn Kogi, bí kò tilẹ̀ sí ojú irin níbẹ̀. Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ wà ní Ìjùmú, Ayétòrò-Kírì wà ní Búnú, ká má tíì ka Ayétòrò ti Ògùn àti ti Ìlàjẹ. Àdúrà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ ìlú dó fi sọ ọ́ lórúkọ, àdúrà kan náà ló sì wà lẹ́nu gbogbo èèyàn. «Odo-Ere» àti «Odo-Eri» jọ wà ní ìwọ̀ oòrùn Yàgbà, lẹ́tà kan péré ló yà wọ́n. «Egbe» wà ní Yàgbà, ó wà l'Ékòó, ó wà l'Ékìtì. Tí wọ́n bá sì tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù láìsí àmì ohùn, kò sí ohun tí ẹni tó ń kà á máa fi dá ọ̀kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì.

Nítorí náà, ẹni tó bá pe 112 nítorí ìjàǹbá, ìbáà ṣe ti mọ́tò tàbí ti ọkọ̀ ojú irin, kó dárúkọ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, kó sọ ìlú méjì tí ibẹ̀ wà láàárín wọn, kó sì mẹ́nu ba ohun kan tí ojú rẹ̀ ń rí: afárá, òpó fóònù, ilé ìwé. Tó bá jẹ́ ojú irin, kó ka nọ́ńbà ara òpó. Àwọn tó ń kọ lẹ́tà láyé àtijọ́ kò ní fóònù, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwé tó bá ń lọ sí Gbẹ̀dẹ̀, «Ayetoro-Gbede, via Kabba» ni wọ́n máa kọ sára àpòòwé rẹ̀, kó má baà gba Ògùn lọ.