Ibi Tí Ẹkùn Kejì Àwọn Aláwọ̀ Dúdú ní North Carolina Ti Ṣẹ̀ Wá

Ní ìhà ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ North Carolina, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹkùn ìdìbò kan wà láti ọdún 1872 títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, tí ó rán aláwọ̀ dúdú mẹ́rin lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní Washington, nígbà tí àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù yòókù ń ti ilẹ̀kùn mọ́ irú wọn lẹ́nu. Ẹkùn Kejì ni orúkọ rẹ̀ nínú òfin, ṣùgbọ́n Black Second ni tọmọdé tàgbà ń pè é.

Ìtàn tí ọ̀pọ̀ ìwé ń sọ nípa ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò gùn. Wọ́n ní lẹ́yìn ìkànìyàn ọdún 1870, nígbà tí ìjókòó North Carolina ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin di mẹ́jọ, àwọn Conservative tí wọ́n ti gba ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ padà ní Raleigh (àwọn náà ni a mọ̀ sí Democrat lẹ́yìn náà) kó àwọn kaúntì (ìpín ìjọba ìbílẹ̀ wọn) tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ sí jọ sójú kan, kí ìbò wọn má baà yọ àwọn lẹ́nu nínú àwọn ẹkùn yòókù. Òótọ́ ni, ibi tí ó mọ náà nìyẹn. Ẹni tí ó bá dá ìtàn náà dúró síbẹ̀ ti gbé oko fún ẹni tí ó kàn yí ọgbà ká a, láìbéèrè ta ni ó ro ó. Ní tèmi, ìlú New Bern ni ẹkùn yìí ti ṣẹ̀, ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó fa ààlà kankan ní Raleigh.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 1862, nígbà Ogun Abẹ́lé, ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ lábẹ́ Ọ̀gágun Ambrose Burnside gba New Bern, níbi tí odò Trent ti pàdé odò Neuse. Kò pẹ́ tí àwọn ẹrú fi bẹ̀rẹ̀ sí í sá kúrò ní àwọn oko ńlá òkè odò, tọkọtaya tọmọtọmọ, tí wọ́n ń wá ibi tí àsíá ìjọba àpapọ̀ ti ń fẹ́. Ibùdó tí wọ́n tẹ̀dó sí létí odò Trent di ìlú tí a wá ń pè ní James City, tí wọ́n fi sọrí Horace James, pásítọ̀ tí ó ń bójú tó o. Wọ́n kọ́ ilé ìwé, wọ́n dá ìjọ sílẹ̀, àwọn ọkùnrin wọn sì wọ iṣẹ́ ológun.

Abraham Galloway ni ó ṣe aṣáájú wọn nínú ọ̀ràn òṣèlú. Ẹrú ni wọ́n bí i ní ọdún 1837. Ó fi ọkọ̀ ojú omi sá lọ sí Àríwá ní ọdún 1857, ó sì padà wá nígbà ogun láti ṣe amí fún ìjọba àpapọ̀. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1864, òun àti àwọn aláwọ̀ dúdú mìíràn láti North Carolina wọ ààfin Ààrẹ Abraham Lincoln, wọ́n sì bẹ̀ ẹ́ pé kí àwọn náà ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Ẹ wo ọdún náà dáadáa: ogun kò tíì parí, òfin tí ó fòpin sí oko ẹrú káàkiri Amẹ́ríkà kò tíì jáde, ìbò ni àwọn wọ̀nyí sì ti ń béèrè. Ní ọdún 1868, agbègbè ìlú Wilmington, níbi tí ó ṣí lọ lẹ́yìn ogun, dìbò yan Galloway sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ti ìpínlẹ̀. Ó kú ní ọdún 1870, kò sì rí ẹkùn tí ó wá so èso iṣẹ́ rẹ̀.

Mo tilẹ̀ gbà pé gbòǹgbò náà jìn ju ogun lọ. Ẹni tí ó bá tẹ́ àwòrán ilẹ̀ síwájú yóò rí i pé odò mẹ́ta ni ó so àwọn kaúntì náà pọ̀: Roanoke ń ṣàn kọjá Halifax àti Northampton, Tar ń ṣàn gba Edgecombe, Neuse sì ń gba Wayne àti Lenoir sọ̀kalẹ̀ dé Craven. Lórí odò wọ̀nyí, ẹrú ni ó ń tukọ̀, ẹrú ni ó ń ru ẹrù òwú, ẹrú ni ó sì mọ ibi tí omi ti jìn. Ojú irin tí ó ti Wilmington lọ sí Weldon, tí wọ́n parí ní ọdún 1840, gba Goldsboro, Wilson àti Enfield kọjá, ó dábùú odò Neuse àti Tar, ó sì parí sí etí odò Roanoke. Ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ ń rin ọ̀nà kan náà tí òwú ń rìn, àti pé ìyá kan ní Warren lè gbọ́ ìròyìn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n tà sí Craven láti ẹnu atukọ̀. Kò sí ìwé tí ó kọ èyí sílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí yóò jẹ́ kí ẹrú kọ ọ́. Síbẹ̀, bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣe gbọ́ tí wọ́n sì ṣí lọ sí New Bern láàrin oṣù díẹ̀ kò ní àlàyé mìíràn tí ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Àwọn kan wà tí wọ́n sọ pé àwọn òyìnbó àlejò láti Àríwá ni wọ́n kọ́ aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ní òṣèlú. Ṣùgbọ́n òyìnbó ará Àríwá kan ṣoṣo ni ó ṣojú ẹkùn náà ní gbogbo àkókò yìí, Orlando Hubbs, fún sáà kan péré.

Kaúntì mẹ́wàá ni òfin ọdún 1872 kó jọ: Craven, Edgecombe, Greene, Halifax, Jones, Lenoir, Northampton, Warren, Wayne àti Wilson. Charles Thomas, òyìnbó láti New Bern, ọmọ ẹgbẹ́ Republican (ẹgbẹ́ Lincoln, tí aláwọ̀ dúdú ń dìbò fún nígbà náà), ni ó kọ́kọ́ ṣojú rẹ̀. Ní ọdún 1874 ẹgbẹ́ fa John Adams Hyman kalẹ̀ dípò rẹ̀, ó sì wọlé. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí North Carolina rán lọ sí Washington. Ní Warrenton, nígbà tí Hyman ṣì jẹ́ ẹrú, oníṣòwò ohun ọ̀ṣọ́ kan láti Àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní ìwé kíkà. Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n lé oníṣòwò náà kúrò nílùú, wọ́n sì ta Hyman sí Alabama. Ogun parí, ó padà sílé ní ọdún 1865, kò sì ju ọdún mẹ́ta lọ lẹ́yìn náà tí ó fi jókòó láàrin àwọn tí wọ́n kọ òfin ìpilẹ̀ tuntun fún ìpínlẹ̀ náà.

Sáà kan ni Hyman lò. Curtis Brogden, tí ó ti ṣe gómìnà rí, gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó di 1878, Republican méjì jọ jáde, ìbò fọ́, àwọn tí ń ka ìbò ní àwọn kaúntì kan sì da ọ̀pọ̀ ìbò James O'Hara nù, ni William Kitchin, Democrat láti Halifax, bá wọlé. Kò yani lẹ́nu, nítorí láti 1877 ni ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Raleigh ti gba agbára yíyan àwọn aláṣẹ kaúntì lọ́wọ́ àwọn olùdìbò. Ẹni tí ó ń ka ìbò kì í ṣe ẹni tí àwọn ará ibẹ̀ yàn. O'Hara, amòfin láti Enfield, padà wá ní 1882, ó wọlé, ó sì lo sáà méjì. Òun ni ó dábàá ní oṣù Kejìlá ọdún 1884 pé kí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin má ṣe ya èrò tí owó ọkọ̀ wọn dọ́gba sọ́tọ̀. Ilé gbà á wọlé, lẹ́yìn náà ni àwọn Democrat fi àtúnṣe mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Ní 1886 ìbò àwọn Republican tún fọ́ láàrin O'Hara àti aláwọ̀ dúdú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Israel Abbott, Furnifold Simmons, Democrat, sì gba àárín wọn wọlé. Ohun tí ààlà kò lè ṣe, ìjà abẹ́lé ṣe é.

Henry Cheatham gba ìjókòó náà padà ní 1888, ó sì dá nìkan jẹ́ aláwọ̀ dúdú ní gbogbo Ilé láti 1891 sí 1893. Àwọn ará Raleigh tún ààlà fà ní 1891, wọ́n yọ Craven kúrò, Cheatham sì pàdánù fún Frederick Woodard, Democrat, ní 1892. Nígbà tí ìdìbò 1894 ń bọ̀, George Henry White kó láti New Bern wá sí Tarboro kí ó lè du ìjókòó yìí. Ìdílé kan náà ni òun àti Cheatham ti fẹ́yàwó, nítorí tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni ìyàwó wọn, ọmọ Henry Cherry ará Tarboro. Àna méjì di alátakò. Ẹgbẹ́ dá tíkẹ́ẹ̀tì fún Cheatham, ó sì tún pàdánù. Ní 1896 White ni ẹgbẹ́ fà kalẹ̀, ó wọlé, ó sì tún wọlé ní 1898.

Ní oṣù Kìíní ọdún 1900, White gbé àbádòfin àkọ́kọ́ kalẹ̀ tí yóò sọ pípa ènìyàn lọ́wọ́ àwùjọ ènìyàn láìgbẹ́jọ́ di ọ̀ràn lábẹ́ òfin àpapọ̀. Inú ìgbìmọ̀ kékeré ni ó kú sí. Nílé, nǹkan ti bàjẹ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1898 àwọn òyìnbó agbébọn ti lé ìjọba ìlú Wilmington dànù, wọ́n sì pa aláwọ̀ dúdú. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1900, ìpínlẹ̀ fi ìdánwò ìkàwé àti owó orí sí ẹnu ọ̀nà àpótí ìbò, ó sì yọ ẹni tí bàbá tàbí bàbá ńlá rẹ̀ ti lẹ́tọ̀ọ́ ìbò ṣáájú 1867 kúrò nínú ìdánwò náà. White kò díje mọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀ ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 1901, ó ní ìdágbére fún ìgbà díẹ̀ ni, pé aláwọ̀ dúdú yóò tún dìde padà wá sí Ilé náà.

Claude Kitchin, ọmọ William, gba ìjókòó náà ní 1901, kò sì gbé e sílẹ̀ títí ó fi kú ní 1923. North Carolina kò rán aláwọ̀ dúdú lọ mọ́ títí di ìdìbò 1992, nígbà tí Eva Clayton láti Warren, kaúntì Hyman, wọlé fún Ẹkùn Kìíní, tí Mel Watt náà sì wọlé fún Ẹkùn Kejìlá. Ẹkùn Kejì òde òní ti ṣí lọ sí agbègbè Raleigh fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹni tí ó bá ń wá àrólé Black Second kí ó má ṣe wo nọ́ńbà. Ní Wilson, ọ̀kan nínú kaúntì mẹ́wàá àtijọ́, wọ́n dìbò yan dókítà eyín kan, George Butterfield, sí ìgbìmọ̀ ìlú ní 1953. Ìlú yí ìlànà ìdìbò padà ní 1957, ó sì pàdánù àyè rẹ̀. Ọmọ rẹ̀, G. K. Butterfield, ni ó ṣojú Ẹkùn Kìíní ní Washington láti 2004 sí 2022.