Bí Ẹranko Ìgbàanì Ṣe La Ìparun Ńlá Já

Ẹni tó bá fẹ́ hú egungun ẹranko ìgbàanì kò lè rí i nínú àpáta Ìbàdàn. Àpáta tó wà lábẹ́ Màpó àti Òkè Àrẹ̀mọ ti wà kí ẹranko eléegun kankan tó dé ilé ayé. Àmọ́ tí èèyàn bá gba Abẹ́òkúta lọ sí Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì, ọ̀rọ̀ yí padà. Òkúta ibẹ̀ kún fún karawun ohun abẹ̀mí inú òkun: ìgbín òkun, akàn, àti àwọn tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Wọ́n ti kú síbẹ̀ láti nǹkan bíi mílíọ̀nù 60 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òkun ṣì bo gbogbo agbègbè náà. Èyí ni pé ìparun tó gbé dáínásọ̀ lọ ti kọjá kí wọ́n tó wá sáyé. Ọmọ ọmọ àwọn tó yè é ni wọ́n, àìmọye ilé ló sì wà ní Bódìjà àti Mọ́níyà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tó ti ara wọn jáde kọ́.

Kí irú ẹranko kan kú tán kì í ṣe nǹkan tuntun. Ó ti ń ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọjọ́ tí ẹranko ti wà. Ohun tí àwọn onímọ̀ ń pè ní ìparun ńlá yàtọ̀ sí ìyẹn: irú ẹ̀dá bíi mẹ́ta nínú mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a pòórá kárí ayé láàárín àkókò kúkúrú. Márùn-ún irú rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kà: ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 445 ọdún sẹ́yìn, mílíọ̀nù 372, mílíọ̀nù 252, mílíọ̀nù 201, àti mílíọ̀nù 66. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ojú ọjọ́ tó yí padà lójijì kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀.

Bí ojú ọjọ́ bá yí, ohun tí ẹranko kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kó ṣí lọ. Kì í ṣe pé ó jókòó gbèrò. Èyí tó rìn síbi tó tù ú lára bímọ, èyí tó dúró kò rí ọmọ tọ́, títí gbogbo ìran náà fi kúrò níbi tí àwọn bàbá wọn wà. Ọ̀nà yìí ló ti gba ẹ̀dá là jù látayébáyé, ṣùgbọ́n ó nílò ibi tí wọn yóò lọ. Nígbà ìparun àkọ́kọ́, òtútù ló dé. Ilẹ̀ Áfíríkà wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá ayé nígbà náà, yìnyín sì bo ibi tó di Sàhárà lónìí. Àmì tí yìnyín náà ha sára àpáta ṣì wà ní Àlùjéríà àti Líbíà títí di báyìí. Omi tó di yìnyín mú kí òkun fà sẹ́yìn, etíkun tí omi rẹ̀ kò jìn, níbi tí ohun abẹ̀mí pọ̀ sí jù, wá gbẹ. Àwọn tí omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ti mọ́ lára sún mọ́ agbedeméjì ayé, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó tún móoru ju ibẹ̀ lọ tí wọ́n lè sá dé.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní mílíọ̀nù 252 ọdún sẹ́yìn ló burú jù. Ilẹ̀ ya ní Sìbéríà, ó ń da òkúta yíyọ́ jáde fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹgbẹ̀rún ọdún, iná náà sì ran èédú tó wà nínú ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, tó máa ń há ooru mọ́ ayé, gba ojú sánmà kan. Omi òkun tó wà níhà agbedeméjì ayé gbóná sí i tó nǹkan bí ìwọ̀n 10 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ̀sì. Omi gbígbóná kì í lè gba afẹ́fẹ́ ọ́síjìn púpọ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ara ẹranko inú rẹ̀ ń béèrè fún un ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nítorí ooru náà. Ibi tí ìdí ikú pọ̀ sí nìyẹn: ohun tí ara ń fẹ́ ń pọ̀ sí i, ohun tó wà ń dín kù. Òkun tún di kíkan bíi ásíìdì, tó fi ṣòro fún oníkarawun láti kọ́ ilé ara rẹ̀. Nínú irú ẹ̀dá inú òkun mẹ́wàá, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló run. Tráílóbáìtì, ẹ̀dá inú òkun kan tó ní èèpo líle, tó ti la ìparun méjì kọjá, kò la ẹ̀kẹta yìí. Ìyà náà tún tọ́ àwọn tó ń gbé níbi tó tutù wò gan-an, nítorí àwọn ará agbedeméjì ayé lè sá lọ síbi tí àwọn yẹn wà, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó tún tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn yẹn láti sá lọ.

Lórí ilẹ̀, ẹranko kan wà tó yẹ kí a dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Lystrosaurus ni wọ́n ń pè é. Ó ní ẹnu bíi ti ìjàpá, eyín méjì yọ síta, ara rẹ̀ kúkurú kì bíi ti ẹlẹ́dẹ̀. Lẹ́yìn ìparun náà, òun ló kún ilẹ̀. Nínú àpáta Karoo ní Gúúsù Áfíríkà, egungun rẹ̀ ju ti gbogbo ẹranko yòókù lápapọ̀ lọ láwọn ibì kan, wọ́n sì ti hú u ní Íńdíà àti ní ilẹ̀ yìnyín Antarctica. Kí ló ṣe tí ọ̀pọ̀ ẹranko tó lágbára jù ú lọ kò lè ṣe? Ó mọ ihò gbẹ́. Nínú ihò, ooru ọ̀sán kò bá a tán. Ó tún yí ìgbé ayé rẹ̀ padà. Àwọn tó wà ṣáájú ìparun máa ń dàgbà tó erinmi kékeré, wọ́n sì lè lo ọdún 13 tàbí 14. Egungun àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ fi hàn pé wọn kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn sì kú láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta. Ìran tó ń kú ní kékeré báyìí kò ní pẹ́ run, àfi tó bá ń tètè bímọ, ohun tí Lystrosaurus sì dà bí ẹni tó ṣe nìyẹn.

Eyín èyí tí wọ́n hú ní Antarctica tún sọ ohun mìíràn. Bí òrùka ṣe ń wà nínú igi ni ìlà wà nínú eyín náà, àwọn ìlà kan sì fi hàn pé ara ẹranko náà máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró láìṣiṣẹ́ fún ìgbà kan, lẹ́yìn náà kó tún jí. Ẹni tó ń sin ìgbín ní Ìbàdàn mọ irú ìwà yìí dáadáa. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ìgbín a wọnú karawun, a fi ohun funfun dí ẹnu rẹ̀, kò ní jẹ, kò ní mu, títí òjò yóò fi dé. Àtidúró de ìgbà tó dára jẹ́ ìdáhùn tó lágbára sí ojú ọjọ́ búburú, bí búburú náà kò bá ti pẹ́ ju agbára ara lọ.

Kíkéré ara náà jẹ́ ìdáhùn. Ní mílíọ̀nù 56 ọdún sẹ́yìn, ayé tún gbóná, ó lé ní ìwọ̀n 5, bóyá ó tó 8. Ìyẹn kò sí lára ìparun ńlá márùn-ún, àmọ́ ó hàn kedere nínú òkúta. Ní Wyoming ní Amẹ́ríkà, ẹṣin àkọ́kọ́ tó wà nígbà náà kò ju ajá kékeré lọ. Bí ooru ṣe ń pọ̀ sí i, ó ń kéré sí i, títí ara rẹ̀ fi dín ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Nígbà tí ayé tún tutù, ó tún tóbi padà. Ara kékeré máa ń tètè tú ooru jáde, oúnjẹ díẹ̀ sì tó o. Ẹṣin náà kò kú nítorí ìyípadà yẹn gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún, àyè sì wà fún ìran kan láti tẹ̀ lé òmíràn.

Ti mílíọ̀nù 66 kò fún ẹnikẹ́ni láyè. Òkúta kan tó fẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 10 já láti ojú ọ̀run sí Chicxulub ní Mẹ́síkò. Èéfín, eruku àti imí ọjọ́ bo òrùn. Ewé kò rí ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń jẹ ewé kú, ẹni tó ń jẹ ẹran rẹ̀ tẹ̀ lé e. Lórí ilẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹranko tó wúwo ju kìlógíráàmù 25 lọ tó yè. Àwọn tó yè ni àwọn tí oúnjẹ wọn kò gbára lé ewé tútù: ẹyẹ tó ń ṣa kóró èso tó ti wọ ilẹ̀ jẹ, ẹranko kékeré tó ń jẹ kòkòrò àti ohun tó ń jẹrà, ìjàpá àti ọ̀nì tó lè lo oṣù láìjẹun. Ẹni tó bá rí ọ̀nì tó sùn sílẹ̀ gbalaja nínú ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, tí kò mira láti àárọ̀, ń wo ìwà tó gba ìran rẹ̀ là.

Nǹkan yìí hàn ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Kí òkúta yẹn tó já, òkun bo Ṣókótó, mosasaur, ẹranko ńlá tó ń fi eyín ṣe ìjọba, sì ń wẹ̀ nínú rẹ̀; èyí tí wọ́n hú níbẹ̀ ń jẹ́ Goronyosaurus. Kò sí mosasaur kankan tó kọjá ìparun náà. Àmọ́ ìdílé kan tó bá ọ̀nì tan, tó ń gbé inú òkun kan náà, kọjá, egungun wọn sì wà nínú òkúta tó dé lẹ́yìn rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Mali. Ohun tó sọ mosasaur di ọba, ara ńlá àti oúnjẹ púpọ̀ lójoojúmọ́, di ẹrù fún un lọ́jọ́ tí oúnjẹ tán.

Àwọn tó ṣẹ́ kù ló pín ayé láàárín ara wọn, àmọ́ ìpín náà kò yá. Lẹ́yìn ìparun Sìbéríà, ó gba ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún kí òkun tó kún padà, igbó ẹrẹ̀ tó ń di èédú kò sì sí fún nǹkan bíi mílíọ̀nù 10.

Agbègbè Ìbàdàn wà níbi tí igbó ti pàdé ọ̀dàn, ààlà yìí kò sì fìgbà kan dúró sójú kan. Ní nǹkan bí 20,000 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí ayé tutù tí òjò sì wọ́n, igbó súnkì, ọ̀dàn gba ààyè. Nígbà tí òjò padà, igbó tún nà. Ẹranko igbó ń bá a lọ, wọ́n ń bá a bọ̀, nítorí kò sí ohun tó dí wọn lọ́nà. Ooru tó ń pọ̀ lónìí yára ju ti ìgbà ẹṣin Wyoming lọ. Erin igbó tó ṣẹ́ kù ní Igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ní láti ṣe ohun tí àwọn baba ńlá wọn ṣe, ìyẹn ni kí wọ́n ṣí tẹ̀ lé òjò, ṣùgbọ́n oko kòkó, títì ọlọ́dà àti ìlú ló wà níhà ibi gbogbo tí wọ́n lè gbà.