"Go" ṣe wá di "went"? Àwọn ìbéèrè lórí past tense òyìnbó

Ìbéèrè: Ọmọ mi kọ "goed" sínú ìwé, tíṣà ẹ̀ fi bírò pupa fagi lé e. Ọmọ ní ṣebí "walk" ló ń di "walked", kí wá ló ṣe "go"? Mi ò rí nǹkan kan sọ.

Ìdáhùn: Ọmọ yẹn ò gọ̀ o, àwọn ọmọ òyìnbó fúnra wọn máa ń sọ "goed" tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé "went" kì í ṣe ọmọ bíbí inú "go" rárá, "wend" ló ni ín, ọ̀rọ̀ àtijọ́ kan tóun náà jẹ mọ́ ìrìn, bí "send" ṣe ń di "sent" ni "wend" náà ṣe ń di "went". Nígbà tó yá "go" gba ọmọ ọlọ́mọ, ó sọ ọ́ di tiẹ̀, "wend" wá lọ wá "wended" fúnra ẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé wọn ò kàn lè fi "-ed" sí gbogbo ẹ̀ ká sinmi ni?

Ìdáhùn: Ó ń ṣẹlẹ̀ o, ó kàn ń falẹ̀ ni. "Help" yìí, "holp" ni past tense ẹ̀ láyé àtijọ́. Àwọn olùwádìí kan ní Harvard ṣírò ẹ̀ lọ́dún 2007, wọ́n kó irú ọ̀rọ̀ olóríkunkun bẹ́ẹ̀ 177 jọ látinú òyìnbó àtijọ́, 98 péré ni ò tíì gba "-ed" dòní. Èyí tẹ́nu ń pè jù ni kì í yí bọ̀rọ̀: "be", "have", "do", "go", "say". Ẹni tó ń gbọ́ "went" láàárọ̀ lálẹ́ ò lè gbàgbé ẹ̀, àmọ́ èyí téèyàn ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tó bá fẹ́ sọ ọ́ á kàn so "-ed" mọ́ ọn nídìí. Àwọn tuntun bíi "googled" ò tiẹ̀ yọ wá lẹ́nu.

Ìbéèrè: Èwo làwa ń ṣì jù?

Ìdáhùn: "I didn't went"! "Lọ" tiwa kì í yí, mo lọ, mo ti lọ, mi ò lọ, wọ́n wá ní ká máa yí tòyìnbó padà tó bá ti jẹ́ ti àná, la bá ń yí i níbi gbogbo. "Did" ti ru àná yẹn sórí, ẹ má tún gbé e ru ìkejì. "I didn't go" ni. Èmi gan-an ti tẹ "I did not saw your message sir" ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi kan rí, ó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fèsì, "see", mo bá dìde mo lọ kanlẹ̀kùn ọ́fíìsì ẹ̀, mo rò pé ó ní kí n wá rí òun ni.

Ìbéèrè: "Lie" àti "lay" ńkọ́?

Ìdáhùn: Ibẹ̀ le, òyìnbó pàápàá ń ṣubú níbẹ̀. Tó bá jẹ́ ìdùbúlẹ̀, "lie" ni, ti àná ẹ̀ ni "lay". Tó bá jẹ́ pé o gbé nǹkan lélẹ̀ tàbí adìyẹ yé ẹyin, "lay" ni, ti àná ẹ̀ ni "laid". Irọ́ pípa wá di "lied". Wò ó, dùbúlẹ̀, yé, parọ́, tiwa ò jọra rárá.

Ìbéèrè: "It costed me 5k" ńkọ́?

Ìdáhùn: "It cost me 5k." "Cost", "cut", "put", "hit", "shut", àwọn yẹn kì í yí rárá, bíi "lọ" tiwa gẹ́lẹ́.