Iná Kì í Wọ Inú Sílíńdà

Kí ọyẹ́ tó mú dé góńgó ní ìparí ọdún, àwọn panápaná Ìpínlẹ̀ Èkó a máa wọ ọjà àti ilé ẹ̀kọ́ láti la àwọn ènìyàn lóye lórí ọ̀rọ̀ iná. Wọ́n á sọ̀rọ̀ nípa jẹnẹrétọ̀, nípa wáyà tó ti gbó, wọ́n á ní kí gbogbo ènìyàn há nọ́ńbà 767 àti 112 sórí. Gbogbo ìyẹn ló dára, àmọ́ kò sí nínú wọn tó lè mú kí ìyá alátà fi ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ wá wòran. Sílíńdà gáàsì tí wọ́n fẹ́ dáná sí ní gbangba ló ń fa èrò.

Wọ́n á gbé e sí àárín pápá, wọ́n á ṣí fáàfù, wọ́n á ṣáná sí i lẹ́nu. Iná á sọ, á máa hó gùùù, àwọn tó wà níwájú á fò sẹ́yìn. Panápaná á wá mú tówẹ̀lì tó nípọn tàbí àpò kòkó tí wọ́n ti rẹ sómi, á fún un díẹ̀ kó má baà máa kán tótó. Á ká etí aṣọ náà bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, kí ìka kankan má yọ síta. Á dúró síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ bọ̀ láti ẹ̀yìn rẹ̀, kí iná má baà rà á lójú. Á rìn lọ láìsáré, á tẹ́ aṣọ náà bo ẹnu sílíńdà, á ki ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀, á yí fáàfù sápá ọ̀tún. Iná kú. Àwọn èrò á pàtẹ́wọ́.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, torí ọ̀pọ̀ ló ń gbé ìtàn pé aṣọ tútù ló pa iná lọ sílé. Aṣọ kàn gba ọwọ́ lọ́wọ́ ooru ni, ó sì tẹ iná lórí ba fún ìgbà díẹ̀. Fáàfù tí wọ́n tì ló parí ọ̀rọ̀. Àṣìṣe kan wà tó tún burú ju ìyẹn lọ: ìgbàgbọ́ pé bí iná bá ti ń jó lẹ́nu sílíńdà, kò ní pẹ́ wọ inú rẹ̀, gbogbo ilé á sì fò lọ. Ohun tó ń lé ènìyàn sá kúrò nídìí fáàfù tí ìṣẹ́jú kan péré ì bá tó láti tì nìyí.

Iná kò lè wọ ibẹ̀. Gáàsì ìdáná kì í jó àfi bó bá pò mọ́ afẹ́fẹ́ níwọ̀n kan, bí ìdá 2 sí 9 nínú 100. Bó bá kéré sí ìyẹn, kò ní gbiná. Bó bá pọ̀ jù ú lọ, kò ní gbiná bákan náà. Gáàsì nìkan ló kún inú sílíńdà, kò sí ọ́síjìn níbẹ̀, gáàsì ọ̀hún sì ń fipá ti ara rẹ̀ jáde ni, kò sí ohun tó ń fà padà sínú.

Ẹ wo ẹnu géètì gáréèjì. Mọ́tò ni gáàsì, títì ni afẹ́fẹ́, agbèrò tó dúró lẹ́nu géètì ni iná. Mọ́tò tí kò tíì já sí títì kò tíì jẹ gbèsè, nítorí náà agbèrò kò ní iṣẹ́ kankan nínú gáréèjì. Ibi tí mọ́tò ti ń pàdé títì gan-an ni oúnjẹ rẹ̀ wà. Bí wọ́n bá ti géètì, mọ́tò ò jáde mọ́, agbèrò á palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ká ní wọ́n lé agbèrò lọ, tí géètì ṣì wà ní ṣíṣí ńkọ́? Mọ́tò á ya bo àdúgbò, wọ́n á kún gbogbo ojúlé láìsan kọ́bọ̀, títí agbèrò mìíràn á fi yọjú ní ìkòríta tó jìnnà, tó sì máa gba owó ọwọ́ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ilé ṣe ń bú gbàmù nìyẹn.

Ìdí nìyí tí panápaná fi ń sọ ohun kan tó máa ń ya èrò lẹ́nu: bí fáàfù bá ti yọ́ tàbí tó kọ̀ tí kò yí, ẹ má pa iná yẹn. Ẹ jẹ́ kó máa jó, ẹ kó gbogbo ará ilé jáde, ẹ pe panápaná. Iná tó ń jó ń jẹ gáàsì náà tán lójú gbogbo ayé. Èyí tí kò jó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ló máa ń rá gbà, á wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá. Ẹni tó bá tẹ súìṣì iná mànàmáná nígbà náà, ìbáà fẹ́ tàn án tàbí pa á, ló di agbèrò ìkòríta.

Sílíńdà lè bú o, àmọ́ láti ìta ni. Bí iná bá ń lá ara irin rẹ̀, gáàsì olómi inú rẹ̀ á máa hó, agbára rẹ̀ á máa ga, irin á sì máa rọ̀. Nítorí náà, ibi tí iná wà ni kí ẹ wò. Èyí tó ń jó lẹ́nu nìkan, ẹ lè tì í. Èyí tó wà láàárín ilé ìdáná tó ti gbiná, tàbí tó ṣubú tí iná ń rà á lára, ẹ sá.

Ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀kọ́ yìí ni pé lẹ́yìn tí panápaná bá ti ṣe é, wọ́n máa ń pe ẹnìkan láàárín èrò pé kó wá ṣe tiẹ̀. Ọwọ́ tó ti yí fáàfù nínú iná lẹ́ẹ̀kan kò jọ etí tó kàn gbọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pápá yẹn. Ojúmọ́ ti mọ́, ilẹ̀ tẹ́jú, omi wà nínú báàfù nítòsí, wọ́n sì ti rẹ àpò sílẹ̀. Nílé tí yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn ni ilé ìdáná, aṣọ tó sún mọ́ni jù lè jẹ́ bẹ́ẹ̀dìṣíìtì onínáílọ̀n tó ń yọ́ mọ́ni lọ́wọ́, sílíńdà sì lè jẹ́ kékeré oníkílò 6 tí wọ́n de ojú iná mọ́ lórí, tí ìkòkò òróró gbígbóná jókòó lé. Fáàfù tirẹ̀ wà lábẹ́ ìkòkò yẹn gan-an. Irú sílíńdà yẹn, pẹ̀lú ìkòkò lórí rẹ̀, ló yẹ kí wọ́n máa gbé wá sí pápá.